Ọkọ̀ Ìyá Mi Lábẹ́ Ìsé

Bí òkun bá fà sẹ́yìn ní Ayétòrò, nǹkan kan máa ń yọrí láàárín omi, níbi tí ìlú wa dé nígbà kan. Àwọn ọmọdé máa ń gùn ún. Ó rí bí iṣu tí wọ́n tò lérí ara wọn, roboto lórí roboto, ó sì le bí àpáta, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wa kò ní àpáta kankan. Àwọn àlejò a máa bi mí pé kí ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé inú ilẹ̀ ló wà nígbà tí a ṣe é, àti pé àwa tí a ṣe é kò fojú kàn án títí òkun fi wá ká ilẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, ọpẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù Ọlọ́run.

Nígbà náà, gbogbo wa ń jẹ nínú ìkòkò kan. Ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, ti ìlú ni. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni bá hun, ti ìlú ni. Agogo ló ń jí wa, agogo ló ń pè wá sí àdúrà, òun náà ló ń pè wá sí iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ló kọ́ mi ní ìwé tí mo fi ń kọ èyí, a kò sì san kọ́bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló jìnnà sí wa: omi tó dùn. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni. Nígbà òjò, a ń gbe omi orí òrùlé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, àwọn obìnrin ni yóò wa ọkọ̀ gba inú odò lọ sókè, títí wọn yóò fi kọjá ibi tí iyọ̀ dé, kí wọ́n tó bu omi mímu. Láti ìgbà tí ìyá mi ti jẹ́ ọmọge ló ti ń wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti bà jẹ́, kò lè na ọwọ́ náà kọjá etí mọ́.

Nígbà tí ìlú gbẹ́ ipa omi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé, ẹrẹ̀ tó jáde níbẹ̀ pọ̀ bí òkè. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní Ọlọ́run kì í fi nǹkan ṣòfò. Wọ́n ní kí a fi ẹrẹ̀ náà mọ òkìtì gígùn kan yí ilẹ̀ kòtò tó wà lẹ́yìn ìlú ká, kí omi òjò lè dúró síbẹ̀ di adágún. Gbogbo wa ru ẹrẹ̀, tọmọdé tàgbà. Òkìtì náà ni a pè ní Ìsé.

Bí a ṣe ń mọ ọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n sọ pé ó yẹ kí ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí omi àpọ̀jù yóò máa gbà jáde. Kí ni a ó fi ṣe é? Ní ìlú mìíràn, bóyá wọn ì bá wá páìpù lọ. Àwa tí wọ́n bí sínú ọkọ̀, tí wọ́n tọ́ nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ó dájú pé yóò lè gbé omi dé ibi tí a bá rán an. Ìyá mi bá fa ọkọ̀ tó fi ń pọnmi wá, ó gbé e fún àwọn àgbà.

"Ẹ gbà á. Èmi kò lọ sódò mọ́."

Adágún kò tíì ní omi kankan nínú nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Bí omi ò bá wá dúró ńkọ́? Wàá lúwẹ̀ẹ́ lọ pọnmi?"

"Ẹ̀yin ni ẹ máa lúwẹ̀ẹ́," ni ó dá wọn lóhùn. "Èmi á jókòó sídìí adágún, màá máa wò yín."

Wọ́n mú ọkọ̀ rẹ̀ àti ọkọ̀ mìíràn, wọ́n da ọ̀kan bo èkejì lẹ́nu kí àárín wọn lè ṣófo bíi páìpù, wọ́n fi okùn dì wọ́n pọ̀, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀, a sì mọ ẹrẹ̀ lé wọn lórí. Omi dúró lóòótọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mu omi dídùn láìwakọ̀, àwọn àgbàlagbà sunkún nínú ilé ìsìn. Wọ́n fi ìyá mi ṣe olùtọ́jú omi. Nígbà tó yá, àwọn káfíńtà kan pákó ṣe ọ̀nà omi tó dára jù sí ìkangun Ìsé, a fi ẹrẹ̀ di ẹnu àwọn ọkọ̀ náà, a sì gbàgbé wọn.

Ọmọ mi àkọ́bí kò tíì lè jókòó nígbà tí ilẹ̀ já. Ọ̀gbẹlẹ̀ ń wọlé bọ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀, ó sì bá ihò kan lórí Ìsé, roboto bí ẹnu ìkòkò. Nígbà tí a yọjú sí i, ẹnu nìkan ló kéré. Inú rẹ̀ fẹ̀ tó yàrá, òkùnkùn ló wà níbẹ̀. A da yanrìn sí i, a da ìkarahun sí i, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a kọrin lé e lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ihò náà tún ya ẹnu sílẹ̀, ó fẹ̀ ju ti àná lọ. Yanrìn wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ẹsẹ̀ Ìsé lápá ìta, omi ń sun jáde, ó sì dúdú bí omi tí ẹlẹ́rẹ̀ fi fọ ẹsẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó lè dé bá wa. Bí Ìsé bá ya, gbogbo omi náà yóò lọ ní òwúrọ̀ kan, àwọn obìnrin yóò sì padà sínú ọkọ̀ títí òjò yóò fi rọ̀. Ìyá mi fi òfin de omi lójú ẹsẹ̀: mímu àti sísè nìkan, kí ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ lọ sínú omi iyọ̀. Kò yọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Omi iyọ̀ ni mo fi wẹ ọmọ mi, ara rẹ̀ sì sú. Láti ọrùn dé itan ló pọ́n, ó sì ń ké bí mo bá ti fọwọ́ kàn án. Mo gbé e lọ bá ìyá mi bóyá yóò ṣàánú. Ó wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní, "Gbé e lọ. Bí mo bá fún ọ, màá fún gbogbo wọn."

Àwọn àgbà pe ààwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a tú ààwẹ̀ náà, ọkọ̀ èrò dé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ìlú ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi erùpẹ̀ sé odò ní òkè lọ́hùn-ún. Ìsinmi ló gbà. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní kòńgẹ́, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ohun tí mo pè é.

Lọ́jọ́ kejì ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí Ìsé, ó ki ọ̀pá gígùn bọ inú ihò náà, ó ń fi tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń wá ẹja. Gbogbo wa dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló wà lábẹ́ ibí?" ni ó béèrè.

Bàbá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn agbẹ́kọ̀ wo ojú ìyá mi.

"Ọkọ̀ mi ni," ni ìyá mi wí.

"Ọkọ̀ wo, Ìyá?"

"Èyí tí mo fi ń pọnmi nígbà tí oyún rẹ wà nínú mi. Ọkọ̀ mélòó ni mo ní?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò láyà. Ó ṣàlàyé fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní igi náà ti jẹrà. Ibi tí ọkọ̀ wà ti ṣófo, omi adágún ti rí ọ̀nà gba inú rẹ̀, ó sì ń jí erùpẹ̀ gbé díẹ̀díẹ̀ jáde ní ẹsẹ̀ Ìsé. Ó ní ihò tí a ń wò yìí, òrùlé lásán ni; ilé ti wó nísàlẹ̀ tipẹ́.

"Ṣé bí a bá tú omi sílẹ̀, tí a gbẹ́ ọkọ̀ náà jáde, tí a tún Ìsé mọ, yóò dára?" ni bàbá agbẹ́kọ̀ béèrè.

"Yóò dára, Bàbá. Òun ló dájú jù. Ṣùgbọ́n a kò ní rí omi mu títí di ìgbà òjò."

"Kò tún sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ó wà. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é lókè. A ó ki páìpù bọ inú ilẹ̀ títí yóò fi kọjá ìsàlẹ̀ ọkọ̀, a ó fi agbára ti sìmẹ́ǹtì líle gbà á wọlé. Yóò kún ibi tó ṣófo, yóò sì ti erùpẹ̀ tó rọ̀ mọ́ra wọn títí yóò fi dì. Omi lè wà nínú adágún bí a ṣe ń ṣe é, bí a bá kàn jẹ́ kó fà díẹ̀." Ó tún wo ihò náà. "Ṣùgbọ́n bí mo bá tì í jù, mo lè fọwọ́ ara mi ya Ìsé."

Ìyá mi bọ́ síwájú. "Ẹ tú omi náà sílẹ̀. Ọkọ̀ mi ló fa èyí. Èmi ni mo fi ìfẹ́ gbé ìparun wọlé. Màá padà sódò."

"Apá wo lo fẹ́ fi wakọ̀?" ni bàbá agbẹ́kọ̀ bi í. "Ṣé èyí tí kò lè na sókè láti di gèlè?"

"Màá fi eyín wà á."

"Mélòó ló kù lẹ́nu?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì rí i. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Gbọ́, ìyá omi. Ọjọ́ tí o gbé ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, ó ti kúrò ní tìrẹ. Ọkọ̀ ìlú ni. A kì í jọ ní nǹkan kí ẹnì kan dá ní ẹ̀bi rẹ̀. Èmi ni mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbí, gbogbo àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ru ẹrẹ̀ lé e. Bí o bá fẹ́ gbà á padà nítorí pé ó jẹrà, a kò fún ọ."

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi lórí kí a jọ ní ohun gbogbo. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn àgbà gbàdúrà, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Sìmẹ́ǹtì tí a kó pamọ́ fún ilẹ̀ ilé tí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní kí a kó o wá. Àwọn tó ń jó irin nílùú ṣe pọ́ǹpù kan fún un: àgbá irin tóóró, irin kan nínú rẹ̀ tó ń ti nǹkan síwájú, àti ọ̀pá gígùn tí àwọn ọkùnrin yóò máa fà wálẹ̀ láti òkè.

Àwa obìnrin ni a po sìmẹ́ǹtì. Yanrìn etí odò tó ní ẹrẹ̀ díẹ̀ nínú ni ẹ̀gbọ́n mi yàn, kò fẹ́ ti etí òkun tó mọ́ lóló. Ó ní kí omi rẹ̀ kéré. A pò ó, ó le. Ó ní kó tún le sí i. Ó da korobá kan dé, ó sì ṣí i kúrò. Òkìtì náà dúró ṣinṣin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ̀ rárá.

"Bùrọ̀dá, pùpùrù lèyí," ni obìnrin kan wí. "Ṣé kí a lọ gbé ọbẹ̀ wá?"

"Ọbẹ̀ ni yóò bà á jẹ́," ni ó dáhùn. "Bó bá ṣàn bí ẹ̀kọ, omi yóò gbé e lọ sínú òkun. Èyí kò mọ̀ ju kó dúró síbi tí a gbé e sí, kó máa sanra, kó máa fi ìgúnpá ti ará ilé rẹ̀."

"Bíi tìyá ọkọ mi gẹ́lẹ́," ni obìnrin náà wí, ẹ̀rín sì pa wá títí a fi jókòó sórí yanrìn.

Iṣẹ́ tí ó fún èmi yàtọ̀. Ó na okùn àwọ̀n láti èèkàn kan dé èkejì lórí Ìsé, ó fà á le, ó sì jẹ́ kó fi díẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ. Ó ní kí n dojú bolẹ̀ kí n máa wo àlàfo àárín okùn àti erùpẹ̀. "Bí ilẹ̀ bá gbéra, pariwo. Má rò ó wò, ṣáà pariwo."

Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú ọmọ, mo sì dojú bolẹ̀. Wọ́n fi òòlù lu páìpù àkọ́kọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Àwọn ọkùnrin di ọ̀pá mú, wọ́n gbé orin, wọ́n sì ń fà á wálẹ̀. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀. Mo gbọ́ ọ! Mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ lọ nísàlẹ̀ mi, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹranko tó ń wá ibùsùn. Ilẹ̀ tí mo ti ń rìn lórí rẹ̀ láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó lè jẹun. Ó jẹ, ó jẹ. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí í le lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Mo rí i tí horo yanrìn kan yí. Àlàfo abẹ́ okùn ń di tín-ín-rín. Gbogbo ilẹ̀ náà, pẹ̀lú koríko rẹ̀, pẹ̀lú èèrà tó ń rìn lórí rẹ̀, ń bọ̀ lókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àyà ẹni tó ń mí.

"Ó ti gbéra!"

"Ẹ dúró!" ni ẹ̀gbọ́n mi kígbe. Wọ́n dúró. Ilẹ̀ náà dúró. Wọ́n fa páìpù náà sókè díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Báyìí ni a ṣe é láti ìsàlẹ̀ wá sókè, òkìtì kan jókòó lórí èkejì nínú òkùnkùn tí ojú wa kò dé. A lọ yí ihò náà ká, ibì kan lẹ́yìn ibì kan, ọjọ́ sì ń lọ. Agogo ń lù, oúnjẹ ń ti ilé ìdáná ìlú wá, àwọn kan ń lọ, àwọn mìíràn ń rọ́pò.

Àárín ló kù, inú ọkọ̀ gan-an. Páìpù wọ ibẹ̀ láìsí òòlù, ó kàn já wọlé ni. Àwọn ọkùnrin ń tì, ọ̀pá kò le rárá. A pò ó, wọ́n tì í; a tún pò ó, wọ́n tún tì í. Òkìtì àpò sìmẹ́ǹtì ń lọ sílẹ̀ lójú wa. Orin dákẹ́. Mo gbé ojú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń lá ètè. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ẹsẹ̀ Ìsé, ìyá mi ké. A sáré wo ìsàlẹ̀. Omi ẹrẹ̀ dúdú ń tú jáde pẹ̀lú agbára níbi tó ti ń sun tẹ́lẹ̀, ó ti dé orúnkún ìyá mi, ègé igi jíjẹrà sì ń bá a jáde.

"Ó ti ya!" ni ẹnì kan wí.

"Kò ya," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Omi tó sùn sínú ọkọ̀ ni sìmẹ́ǹtì ń lé jáde. Ẹ máa tì í. Ẹ má dáwọ́ dúró báyìí. Ẹ tì í!"

Bàbá agbẹ́kọ̀ náà bọ́ agbádá, ó rọ̀ mọ́ ọ̀pá náà pẹ̀lú wọn. Wọ́n fà á wálẹ̀, wọ́n fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá náà kọ̀. Gbogbo wọn so rọ̀ mọ́ ọn bí aṣọ lórí okùn, kò sì lọ mọ́. Ilẹ̀ abẹ́ okùn mi gbéra bí ìbú èékánná. Mo pariwo, a sì dúró.

Nísàlẹ̀, omi tó ń tú náà rọlẹ̀, ó di sísun, ó di kíkán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní a kò lè mọ̀ bóyá ó ti dí títí adágún tí a jẹ́ kó fà yóò fi padà kún dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Omi tó ń sun wọ adágún láti igbó kò pọ̀, ìdúró náà sì pẹ́. Ìyá mi kò kúrò ní ẹsẹ̀ Ìsé lójúmọmọ. Ó mú abọ́ funfun, ó gbé e sábẹ́ ibi tó ń kán, ó ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tòrò kó lè rí ohun tó bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, erùpẹ̀ tín-tìn-tín wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, bí a kò bá dojú kọ oòrùn, a kò rí i. Àwọn àgbà ń kọjá, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo abọ́, wọ́n ń lọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń rẹ ọmọ mi lẹ́kún nínú ilé nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn òde. Ó ń pe gbogbo ìyá ọmọ.

"Ẹ kó wọn wá! Gbogbo wọn! Ẹ kó wọn wá sídìí adágún!"

A kó wọn lọ. Adágún ti kún dé àmì rẹ̀, ó sì tẹ́ bíi dígí. Ibi tí ilẹ̀ ti já kò yàtọ̀ sí ibòmíràn lórí Ìsé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ funfun náà lẹ́sẹ̀, abọ́ náà gbẹ, kò sí ohun tó ń kán sínú rẹ̀ mọ́. Ìyá mi ti pọn omi kún àwọn agbada ńlá, ó sì ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún.

"Ẹni tó kérora nígbà tí mo fi òfin de omi, kó bọ́ síwájú kó wá gba tirẹ̀," ni ó wí, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ó gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Mo ti múra de igbe rẹ̀, nítorí kò tíì sí ọjọ́ tí omi kàn án láìké láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti sú. Ìyá mi bu omi, ó dà á lé e láti orí, ó tún bu, ó tún dà á, ó ń ṣe é ní àṣejù bí ẹni tí odò jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, ó gba omi náà sẹ́nu, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì sí igbá tí ìyá mi fi ń bu omi.